Ìkọ̀sílẹ̀ Orí Ìwé

Àwàdà ni Don Baudilio fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ilé ọtí tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ní Mieres, ìlú kan ní ilẹ̀ Sípéènì, ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ náà. Òjò ń rọ̀ lóde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ní àfonífojì yẹn, Eladio sì gbé ìgò ọtí ápù sókè orí, ó ń dà á sínú ife tó mú dání nísàlẹ̀ ìbàdí, kí ọtí náà lè hó dáadáa.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí owó àìníṣẹ́ fi lè wọ ilé yín," Don Baudilio wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Eladio, kí ìyàwó ẹ kọ̀ ẹ́ sílẹ̀."

Chelo ẹlẹ́ja, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ múlé ti ti Eladio àti ìyàwó rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Owó tún wà níbẹ̀ ni? Èmi tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi gbé tèmi lọ lọ́fẹ̀ẹ́!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Eladio rẹ́rìn-ín débi pé ọtí dà sí i lẹ́sẹ̀. Olvido ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ tún un sọ, Don Baudilio," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tí kò tíì mutí."

Don Baudilio ló ń bá àwọn ọlọ́jà kéékèèké àdúgbò náà ṣètò owó orí wọn. Ó wo ojú Olvido, ó sì rí i pé kì í ṣe eré.

"Ó wà nínú òfin," ó ní. "Tí obìnrin bá ń bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ, tó ń dá owó oṣooṣù tirẹ̀ san fún ìjọba gẹ́gẹ́ bí adáṣẹ́ṣe, tí ilé ẹjọ́ wá tú wọn ká, tí iṣẹ́ sì ti ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, wọ́n á máa san owó àìníṣẹ́ fún un. Wọn ò ní bi í bóyá ṣọ́ọ̀bù ń jèrè tàbí kò jèrè. Ọkọ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ mo kàn ń ṣàwàdà ni o. Eladio, bu ọtí sí i."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?" Olvido bi í.

"Pẹ̀lú bó ṣe pẹ́ tó tó o ti ń sanwó yẹn? Ọdún méjì gbáko."

Eladio dá ìgò náà padà sórí tábìlì, kò bu ọtí fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Alágbàfọ̀ ni àwọn méjèèjì. Bàbá Eladio ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń wa èédú ní àfonífojì náà, tí àwọn ọ̀gá ibi ìwakùsà máa ń kó kóòtù wọn wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Eladio ló mọ àbàwọ́n yọ, òun náà ló ń bá ẹ̀rọ ìfọṣọ wọ̀yá ìjà. Olvido ló ń lọ aṣọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò sí kóòtù tàbí aṣọ ìyàwó kan tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kò gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àpá iná áyọ̀ọ̀nù sì tò sí i lápá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ní orí ìwé ìjọba ṣá o, Eladio ló ni ṣọ́ọ̀bù. Olùrànlọ́wọ́ lásán ni wọ́n kọ Olvido sí, bẹ́ẹ̀ òun náà ń san owó tirẹ̀ lóṣooṣù látinú owó ṣọ́ọ̀bù bíi gbogbo adáṣẹ́ṣe, apá kan nínú owó náà sì ń lọ sápò iléeṣẹ́ adójútòfò nítorí ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀.

Iṣẹ́ sì ti ń dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ti ti ibi ìwakùsà pa. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti kó lọ sí Oviedo àti Gijón àti ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Noemí, ọmọ kan ṣoṣo tí Olvido àti Eladio bí, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Bilbao. Kò sẹ́ni tó ń wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Tí ènìyàn bá kú nìkan ni wọ́n ń sáré gbé aṣọ dúdú wá, tí wọ́n á ní àárọ̀ ọ̀la làwọn fẹ́ ẹ. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù náà kàn ń kú díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tí tọkọtaya náà lọ sí iléeṣẹ́ adójútòfò ní Oviedo láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì sọ fún wọn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé àdánù wọn kò tíì tó.

"Ó máa tó ìgbà wo kó tó tó?" Olvido bi í.

"Tẹ́ ẹ bá tún pàdánù sí i, mà," ọmọ náà ní, "ẹ padà wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ Olvido lọ́kàn láti ìgbà náà. Àṣé èèyàn á máa sanwó láti ìgbà èwe, wọ́n á wá ní kó lọ túbọ̀ tálákà sí i kó tó yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n délé láti ilé ọtí, kó tó bọ́ kóòtù òjò lọ́rùn ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Orí ìwé lásán ni, Eladio."

"Ìwé yẹn la fi fẹ́ra wa."

"Irọ́ ni! Ijó la fi fẹ́ra wa, lọ́jọ́ ọdún San Xuan. Àlùfáà ló wá kọ ọ́ síwèé lẹ́yìn ìgbà tó ti tán."

Eladio rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni, oyún Noemí ti wà nínú nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tún fà ro. "Ara mi ò gbà á," ó ní. "Ṣé a ò lè wá nǹkan mìíràn ṣe?"

"Bíi kí ni? Sọ ọ́. Mo jókòó." Olvido jókòó lóòótọ́, ó ká ọwọ́ lẹ́ràn. "Ẹ̀rọ ìgbómikaná ti bàjẹ́. Owó oṣooṣù tèmi nìkan tó ò bá san mọ́, o lè fi tún un ṣe. Èmi náà á máa mú owó wálé. Ọdún méjì péré, a ó tún padà lọ fẹ́ra wa, n ó wọ funfun, o máa fọ̀ ọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọjọ́ mélòó kan ni Eladio fi ń yí i dà nínú. Noemí pe ìyá rẹ̀ láti Bilbao, ó ní, "Màmá, ṣé orí yín pé? Ṣé ẹ bi Bàbá bóyá wọ́n fẹ́ ni àbí ẹ kàn ń wọ́ wọn tẹ̀ lé yín?" Olvido ní kó gbájú mọ́ àwọn aláìsàn rẹ̀. Níkẹyìn Eladio ní kí Olvido ṣe bó bá ṣe wù ú. Ó ń yọ àbàwọ́n ọtí wáìnì lára aṣọ tábìlì kan nígbà tó sọ ọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Obìnrin ni adájọ́ tó dá ẹjọ́ wọn, ó ní sùúrù, gíláàsì ojú rẹ̀ sì so mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá àǹfààní kankan ṣì wà kí wọ́n parí ìjà wọn.

"Rárá," Olvido wí, kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán.

Adájọ́ yíjú sí Eladio. Eladio la ẹnu, ohùn kò jáde. Adájọ́ ní kí wọ́n fún un lómi. Ó mu omi náà, ó mi orí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà kí wọ́n tú wọn ká.

Nígbà tí wọ́n jáde sórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, Olvido fi ìgbọ̀nwọ́ gún un ní ẹ̀gbẹ́. "Háà! O mọ eré ṣe báyìí, o ò sọ fún mi rí!"

"Eré wo?" Eladio bi í.

Olvido rò pé tí àwọn bá ti délé, tí òun bá ti se nǹkan gbígbóná fún un, á gbàgbé.

Ṣùgbọ́n wọn ò délé pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Don Baudilio kìlọ̀ fún wọn: Olvido gbọ́dọ̀ búra fún iléeṣẹ́ adójútòfò pé òun ò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, pé òun àti Eladio ò sì gbé pọ̀. "Wọ́n lè rán aṣèwádìí wá," ó ní, "àwọn aládùúgbò sì lẹ́nu. Ẹ ṣọ́ra yín." Ilé tí ìyá Olvido fi sílẹ̀ fún un ni wọ́n ń gbé, nítorí náà Eladio ló kó jáde. Yàrá kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ máa ń kó ìkọ́ aṣọ sí. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì kékeré síbẹ̀, ó gbé sítóòfù olójú kan síbẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé lọ́jọ́ Àìkú, tí gbogbo ènìyàn bá ti jẹun ọ̀sán tán, á máa gba ọgbà ẹ̀yìn wọlé wá bá a.

Olvido búra. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó se fabada, ẹ̀wà funfun ńlá náà rọ̀ nínú ìkòkò pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti sọ́séèjì dúdú, gbogbo ilé ń ta sánsán. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọgbà dún. Ó wo fèrèsé ẹ̀gbẹ́, ó rí Ludivina tó ń gbé òdìkejì ọgbà, ó fara ti fèrèsé tirẹ̀, ó ń gbọn aṣọ tábìlì. Olvido ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Eladio wà níta, òjò ti rin ín gbindin, ó mú búrẹ́dì dání lábẹ́ kóòtù.

"Padà," Olvido sọ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ludivina wà lójú fèrèsé."

"Ludivina ti mọ̀ mí láti kékeré."

"Ìdí nìyẹn. Padà, Eladio, jọ̀ọ́. Wọ́n á gba gbogbo owó yẹn padà lọ́wọ́ wa."

"Jẹ́ kí n jẹun ná. Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìta."

"Màá fi rán Chelo sí ẹ."

Eladio gba àárín ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ yẹn na búrẹ́dì náà sí i, ó sì lọ. Chelo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ kejì.

Báyìí ni ó ṣe ń lọ. Eladio wá lọ́jọ́ Àìkú kejì, mọ́tò àjèjì kan wà lójú títì, Olvido sì dá a padà. Ó wá nígbà mìíràn, ó wọlé, àmọ́ Olvido ò jẹ́ kó tan tẹlifíṣọ̀n, kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín sókè, ó ń dìde lọ wo ojú fèrèsé lẹ́yìn gbogbo ṣíbí méjì mẹ́ta, títí tí Eladio fi gbé ṣíbí kalẹ̀ tó ní òun ti yó. Ó máa ń pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Olvido sọ fún un pé kó dín in kù.

Nígbà tí Chelo gbọ́ èyí, ó fi ọ̀bẹ ẹja gún pákó. "Ta ló fẹ́ yẹ fóònù ẹ wò? Ṣé olórí ìjọba ni ẹ́? Olvido, alágbàfọ̀ ni ẹ́ o! Ẹnìkan ò rí tiwa rò!"

"Ìwọ ò mọ̀ wọ́n," Olvido ní. "Wọ́n ní kí n lọ pàdánù sí i kí n padà wá. Irú àwọn ènìyàn yẹn, ohunkóhun ni wọ́n lè ṣe."

Aṣèwádìí ò wá. Lójoojúmọ́ ni Olvido ń retí rẹ̀. Ó ti kó aṣọ Eladio kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti kó búrọ́ọ̀ṣì ìfáirùngbọ̀n rẹ̀ kúrò ní balùwẹ̀, ó ti yí bẹ́ẹ̀dì padà kó lè dà bíi ti ẹnì kan. Kò lè gba iṣẹ́ mìíràn, torí owó náà á dúró. Kò lè dé ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ tí kò tíì sinmi rí wá di ọwọ́ tí kò mọ ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sí. Ó ń lọ kọ́tìnnì, nígbà tó bá tán, á tú u sílẹ̀, á tún un lọ̀.

Nínú oṣù kìíní, Eladio dùbúlẹ̀ àìsàn. Ibà mú un, ó wọ̀ ọ́ lẹ́dọ̀fóró, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Chelo ló mú dókítà lọ, òun ló ń gbé ọbẹ̀ ẹja gòkè lọ fún un.

"Ó ń béèrè ẹ," Chelo wí fún Olvido. "Kò sọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń gun àkàsọ̀, ó máa ń gbé orí sókè. Tó bá rí i pé èmi ni, á tún gbé e lélẹ̀."

Olvido múra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú agboòrùn, ó rìn dé òdìkejì títì ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dúró síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó ń wo irin ilẹ̀kùn tí wọ́n fà wálẹ̀, ó ń wo fèrèsé òkè. Bọ́ọ̀sì dé, bọ́ọ̀sì lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kí i, ó ń dá wọn lóhùn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tí ojú títì bá ti dá, òun á sọdá. Ojú títì dá lẹ́ẹ̀kan, ó dá lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fáìlì sábẹ́ apá, ó ń rìn bọ̀, ó dúró wo àkọlé ṣọ́ọ̀bù, Olvido sì gbà pé òun nìyí, aṣèwádìí ti dé. Ọmọkùnrin náà wọ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jọ pé ẹni tó ń wá yàrá háyà ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ Olvido ti tutù kọjá ẹnu. Ó yí padà, ó lọ sílé.

Eladio gbádùn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn kò wá lọ́jọ́ Àìkú mọ́. Tí Olvido bá pè é, ó máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó sì ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Olvido rò ó sí ọgbọ́n. Ó rò pé ọkọ òun ti wá mọ ewu tó wà níbẹ̀, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé wọ́n jọ ń ṣe é dáadáa. Chelo sọ fún un pé Eladio ti gba iṣẹ́ ilé àwọn arúgbó kan, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kó wá, ó sì ti ra ẹ̀rọ àlòkù kan tó ń tẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà pẹlẹbẹ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀rọ," Olvido ní, ó yọ ètè. "Jẹ́ kí n padà débẹ̀ ná."

Ọdún méjì pé. Owó tó kẹ́yìn wọlé. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Olvido lọ ṣe irun, ó se ìkòkò fabada ńlá, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó sì gbé e gba àárín ọjà kọjá lójú gbogbo ènìyàn, ní ọ̀sán gangan. Ó kí Ludivina sókè. Ó ti ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ti kun ògiri. Tábìlì tó ti ń lọ aṣọ ti kúrò níbi tó wà, ẹ̀rọ ńlá funfun kan ló wà níbẹ̀. Eladio jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó wọ gíláàsì tuntun. Ó ti sanra díẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí i.

"Ó ti tán!" Olvido wí. Ó gbé ìkòkò náà lé káńtà. "Ó ti tán, Eladio. Mo ti bi wọ́n ní gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ la lè wá tún ìgbéyàwó wa ṣe. Ẹlẹ́rìí méjì péré ni wọ́n ń fẹ́. Mo ti sọ fún Chelo."

Eladio yọ gíláàsì rẹ̀. Ó nù ún, ó tún un nù.

"Jókòó, Olvido."

"Mi ò jókòó. Oúnjẹ á tutù."

"Mi ò fẹ́ padà," ó ní.

Olvido rẹ́rìn-ín. "Padà síbo?"

"Sílé. Mi ò fẹ́ tún un ṣe. Kì í ṣe pé mò ń bá ẹ jà o. Kò sí obìnrin kankan, o lè bi Chelo, Chelo ló ń rí gbogbo ohun tó ń wọlé níbí. Ó kàn ti mọ́ mi lára báyìí ni. Mo máa ń jí, mo máa ń se kọfí, kò sẹ́ni tí mò ń bẹ̀rù."

"Ta lò ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀? Èmi?"

Eladio wọ gíláàsì rẹ̀ padà.

"Torí owó wa ni mo ṣe ṣe é!" Olvido figbe ta. "Torí àwa méjèèjì! Ẹ̀rọ tó o rà yẹn, kí lo fi rà á tí kì í bá ṣe owó tó yẹ kó o máa san lórí mi? Gbogbo bí mo ṣe ń dá ẹ padà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi ni?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ó dùn mọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń ṣàìsàn, mo rí ẹ." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Mo dìde kí n lè tọ̀, mo wo fèrèsé, mo rí ẹ ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Mo ní, á, ó ti ń bọ̀. Mo tún bẹ́ẹ̀dì ṣe. Mo fi omi sójú, mo jókòó, mò ń gbọ́ àkàsọ̀. Mo tún dìde, o ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo àárọ̀ yẹn, Olvido. Títì yẹn kò fẹ̀."

Olvido fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin tó gbé fáìlì. Ó la ẹnu. Ó rí bí yóò ṣe dún, ó sì pa ẹnu dé.

"Mo ti mọ̀ látìgbà yẹn," Eladio ní. "Mi ò kàn sọ ni, kí wọ́n má baà dá owó ẹ dúró."

Ó wá sọ èyí tó burú jù, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú inú rere. Ó ní àwọn aṣọ ìgbàlódé àti aṣọ ìyàwó tí ẹ̀rọ kò lè lọ̀ ti ń pọ̀, òun ń dá wọn padà. Ó ní tó bá wù ú, òun lè gbà á síṣẹ́. Kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ o, òṣìṣẹ́ gidi, pẹ̀lú owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. "Tí iṣẹ́ bá sì dópin," ó ní, "owó àìníṣẹ́ á wà fún ẹ lọ́nà tó rọrùn. O ò ní nílò láti kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìyẹn gan-an ló gún Olvido jù. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó jáde.

Ilé Chelo ló gbà lọ. Ó sunkún, ó ṣépè, ó ní òun á lọ sí iléeṣẹ́ adójútòfò lọ jẹ́wọ́ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kí wọ́n wá mú àwọn méjèèjì.

"Irọ́ wo?" Chelo ní, ó ń bu fabada sínú àwo, torí pé ebi ń pa á. "O ní ẹ ò gbé pọ̀ mọ́. Ẹ gbé pọ̀ ni? O ní o ò bá a ṣiṣẹ́ mọ́. O bá a ṣe é ni? Gbogbo ohun tó o búra lé lórí ló ti ṣẹ, ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀."

Olvido wá iṣẹ́ káàkiri. Ó dé òtẹ́ẹ̀lì ní Oviedo, ó dé ilé ìwòsàn, ó dé ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Wọ́n ń wo ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n ń ní kó fi nọ́ńbà sílẹ̀. Iye ọdún tó yẹ kó fi sanwó kó tó lè gba owó ìfẹ̀yìntì kò tíì pé, kò sì mọ ibi tó ti máa rí ìyókù. Ìgbà òtútù ń bọ̀. Noemí ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Bilbao, àmọ́ yàrá kan ni Noemí ní.

"Gba iṣẹ́ yẹn," Chelo ní. "Gbà á, kó o sì máa fi áyọ̀ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀."

Ó gbà á. Ó wọlé lọ́jọ́ Ajé, ó fọwọ́ sí ìwé, ó so épírọ́ọ̀nù mọ́ ìdí. Eladio ti ra tábìlì ìlọṣọ tuntun fún un, ó gbé e sí ìdí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo nǹkan tó wà lára rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé ohun kan, èéfín omi gbígbóná bò ó lójú, ó sì rí i pé òun fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, pé kò sí ohun tó ṣaájò òun tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì.

Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin arúgbó kan tó ti ń gbé kóòtù wá láti ayé bàbá Eladio ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó rí Olvido, ojú rẹ̀ là.

"Háà! Ẹ ti parí ìjà! Mo ti ń sọ ọ́ nílé pé àwọn méjì yìí á tún padà fẹ́ra wọn. Ẹ kú oríire o! Olvido, ó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ ni àbí ìwọ lo wá?"

Olvido gbé áyọ̀ọ̀nù sókè kúrò lórí aṣọ kó má baà jó. Ó ń wo Eladio. Ó fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa sọ ọ́.

Eladio ń ṣí ìwé rìsíìtì. "Òṣìṣẹ́ wa ni wọ́n, bàbá," ó ní. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Olvido, ẹni tí kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ jó lọ́dún San Xuan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn gba kóòtù yẹn."

Arúgbó náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Olvido nawọ́, ó gba kóòtù náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó wo ibi tí ojú rírán rẹ̀ ti ń tú lábẹ́ apá.

"Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ wá gbà á," ó ní.